Baba Ara-Á-Gbà-Á àti Ọ̀nà Èéfín Ilé Ìkókó

Ayé kan wà, tí kì í ṣe èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, tí oòrùn méjì ń ràn lórí rẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ó sì gbóná. Èkejì kéré, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò lè mú omi ìfọṣọ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí èyí tó tóbi bá ti lọ, oṣù márùn-ún ni kékeré fi ń dá ṣọ́ ilé, òtútù á sì wá jókòó sáàárín ìlú bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun máa lọ.

Àwọn ọmọ ayé náà kì í bá òtútù jà. Ẹ̀dá tí ara wọn ń yí padà ni wọ́n. Ohun yòówù tó bá kojú wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ara wọn á wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú omi, awọ á so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Alábàárù kì í wá òṣùká. Orí rẹ̀ ni yóò hù ú fúnra rẹ̀. Aránṣọ kan wà tí èékánná rẹ̀ lujú bí abẹ́rẹ́, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó tọ́wọ́ bọ òun lára bí wọ́n bá ń jà. Tí wọ́n bá pàdé láàárọ̀, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé, "Ara gbà á bí?" Èsì rẹ̀ ni pé, "Ara ń gbà á." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kí ara wọn kú iṣẹ́.

Inú irú ayé báyìí ni wọ́n ti fi ọkùnrin kan ṣe Alábòójútó Àgbà ìlú. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọrùn rẹ̀ gùn, nítorí wíwo ènìyàn láti òkè. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá kò fi ṣí ilẹ̀kùn kankan fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ìjókòó ti sọ ọ́ di onígun mẹ́rin, débi pé bó bá ń rìn lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn á rò pé àga ni wọ́n ń gbé kiri.

Iṣẹ́ ìjọba kò le lójú rẹ̀ rárá. Nígbà tí ojú ọ̀nà ńlá là sí méjì tí àwọn ará ìlú wá ké sí i, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ara á gbà á. Lóòótọ́, kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ ti gùn sí i, wọ́n ń ré kòtò náà kọjá bí ẹni ré okùn. Ó pe akọ̀wé rẹ̀, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba òun ti tún ọ̀nà ṣe. Òrùlé ọjà ń jò. Awọ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ dà bí ewé kókò tí omi kì í dúró lé. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé òun ti kan òrùlé tuntun. Omi ẹ̀rọ dá. Ará ìlú kọ́ bí wọ́n ṣe lè fi ife omi kan lo ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé omi ti pọ̀ jù, kí wọ́n sì gbẹ́ adágún kékeré kan sí àgbàlá òun, kí èyí tó ṣẹ́ kù má baà ṣòfò.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Baba Ara-Á-Gbà-Á. Nígbà tí orúkọ náà dé etí rẹ̀, ó rò pé oríkì ni, ó fi kún oyè rẹ̀.

Bíríkìlà kan wà nílùú náà, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ohun tó fẹ́ sọ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń to bíríkì, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti di pẹlẹbẹ, ó le bí irin. Òun ló fi ń bu sìmẹ́ǹtì, òun ló fi ń tẹ́ ẹ, òun náà ló fi ń yí oúnjẹ lórí iná nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ náà sì bí tirẹ̀ lóṣù kìíní tí oòrùn kékeré dá wà.

Bí wọ́n bá bímọ níbẹ̀, Ilé Ìkókó ni wọ́n ń gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì máa wà títí yóò fi pé ọdún kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ara ìkókó kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà. Bí òtútù bá kàn án, òtútù náà lásán ló máa mọ̀, kò ní ọgbọ́n kankan láti dá sí i. Yàrá gbọọrọ kan ni Ilé Ìkókó. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi okùn so kọ́ àjà rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ààrò ńlá kan wà láàárín, ọ̀nà èéfín tí wọ́n fi bíríkì mọ sì ti orí rẹ̀ gba inú òrùlé jáde.

Ọ̀nà èéfín yìí ló sán. Apá òkè rẹ̀ wó dí ihò, èéfín padà sínú yàrá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Ìyá Ìkókó, àgbà obìnrin tó ń ṣe olórí ilé náà, kò rí ohun mìíràn ṣe ju pé kó pa iná lọ. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Ọkùnrin náà gun òkè, ó wò ó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, igba bíríkì á tó o.

Ṣùgbọ́n òfin wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíríkì nílùú láìsí òǹtẹ̀ Alábòójútó Àgbà, nítorí pé aláṣọ kan ti mọ ògiri rí tó fi ìwọ̀n ìka kan ga ju ti ilé Alábòójútó lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbi tí wọ́n ń kó bíríkì sí. Bíríkìlà kò rú òfin rí láyé rẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ gba òǹtẹ̀.

Láti dé ọ̀dọ̀ Alábòójútó, ilẹ̀kùn mẹ́ta lèèyàn ń kọjá, ìyìn sì ni owó ibodè. Lẹ́nu ọ̀nà kìíní, bàtà rẹ̀ ni wọ́n ń yìn; lẹ́nu èkejì, ikùn rẹ̀; lẹ́nu ẹ̀kẹta, ọgbọ́n rẹ̀, èyí tí wọ́n fi sí ìkẹyìn kí àyè lè wà láti wá a. Bíríkìlà kò mọ ìyìn. Lẹ́nu ọ̀nà kìíní ó ní bàtà náà dára. Wọ́n ní kò tíì tó. Ó ronú títí, ó ní méjèèjì ló dára. Wọ́n jẹ́ kó kọjá.

Akọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti gbà á. Orí náà ti ń mì fúnra rẹ̀ báyìí, ìbáà jẹ́ lórí oúnjẹ, ìbáà jẹ́ lórí ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ti bi í léèrè nígbà kan bóyá kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, orí sì mì. Láti ìgbà náà ni ìyá ìyàwó ti wà nínú yàrá tó dára jù nílé.

Alábòójútó kò wo bíríkìlà. Ó bá àjà sọ̀rọ̀.

"Ta ló gbé eruku wá síwájú òkè tí ojú kò ká?"

Bíríkìlà tẹríba, ó ro ẹjọ́ rẹ̀: ọ̀nà èéfín ti sán, iná ti kú, igba bíríkì, ọjọ́ kan.

"Ìkókó mélòó?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀gá."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ara wọn á gbà á."

"Ọ̀gá, ara ìkókó kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó di bí wọ́n bá pé ọdún kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tó ti bímọ rí, ọ̀gá."

"Ṣé wọ́n bi mí kí wọ́n tó máa bí wọn báyẹn?"

Akọ̀wé ní irú ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó yìí, ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta. Orí rẹ̀ ń mì. Inú Alábòójútó dùn, ó wá ṣàánú. Ó ní òun kò sọ pé rárá. Ó ní èsì bíríkìlà wà nínú ọ̀rọ̀ tí òun ń bá ìlú sọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ibi tí èsì bọ́ sí nínú rẹ̀, òun pàápàá kò tíì mọ̀. Kí bíríkìlà ṣáà máa wá, kó máa tẹ́tí.

Ọ̀rọ̀ àbásọ yìí, ojoojúmọ́ ni, nígbà tí oòrùn kékeré bá dé orí ilé ìjọba. Gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ péjọ sí gbàgede. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí ojú kúrò lára Alábòójútó, nítorí ó ní ìmọ́lẹ̀ ojú òun lè ba tiwọn jẹ́. Á gun pèpéle, á wúkọ́, á ní, "Èmi, Alábòójútó Àgbà, Òpó Tó Gbé Ọ̀run Ró, Baba Ara-Á-Gbà-Á, mo kí ara mi. Lẹ́yìn èyí, bí àyè bá ṣẹ́ kù, mo kí ẹ̀yin náà." Ọjọ́ kìíní, ó sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ọjọ́ kejì, àlá tí ìyá òun lá kí wọ́n tó bí òun. Ọjọ́ kẹta, ohun tí agbẹ̀bí sọ nípa àlá náà. Tẹ́lẹ̀, wákàtí kan ló máa ń sọ. Nísinsìnyí, nítorí pé àlejò pàtàkì kan ń tẹ́tí, ó ti di mẹ́ta.

Ẹ má gbàgbé irú ẹ̀dá tó ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn kan ṣoṣo, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ fún wọn. Ara kò lè wò ó lásán. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti ń yọ nínú etí àwọn ará ìlú. Wọn kò di adití. Wọ́n ń gbọ́ ẹyẹ, wọ́n ń gbọ́ ọmọ wọn, wọ́n ń gbọ́ bí ìkòkò bá ń hó. Ohùn Alábòójútó nìkan ni awọ náà ń di ọ̀nà fún. Ojú wọn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wò ó náà kọ́ tirẹ̀: bó bá kọjá níwájú wọn, ojú á fo ibi tó wà, bí ẹsẹ̀ ṣe ń fo kòtò ojú ọ̀nà.

Gbàgede wá pa lọ́lọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan máa ń wú ikọ́, àwọn mìíràn máa ń kùn. Nísinsìnyí ojú gbogbo wọn tutù bí ojú ẹni tó jókòó sẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Alábòójútó bi akọ̀wé pé kí ló dé. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára ni.

Bíríkìlà nìkan ni etí rẹ̀ kò yí. Ó ń retí èsì. Ó ń tẹ́tí sí gbogbo ọ̀rọ̀ láti orí dé ìdí, bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" kan á bọ́ láàárín wọn, ara rẹ̀ kò sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń dúró dè.

Ní Ilé Ìkókó, àwọn ìyá ti gbé ọmọ wọn kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé wọn sáyà. Ara tiwọn ti gbà á. Àyà wọn gbóná bí òkúta tí wọ́n yọ nínú iná, àwọn ọmọ sì ń sùn. Ṣùgbọ́n ooru náà kò ti ibòmíràn wá ju inú ẹran ara tiwọn lọ. Nígbà tí bíríkìlà wọlé lọ́jọ́ keje, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Apá rẹ̀ tó fi gbá ìkókó mọ́ra kò tóbi ju igi ìdáná lọ.

"Bàbá mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ọmọ náà ní. "Ara mi ti gbà á."

"Mo rí i. Kí ló kù nínú rẹ?"

"Èyí tó kù á tó ọjọ́ mélòó kan."

"Mélòó?"

Ọmọ náà tún aṣọ bo ìkókó lẹ́yìn. Ìyá Ìkókó ló fa bíríkìlà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé bí iná kò bá jó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nínú àwọn ìyá yìí àti àwọn ọmọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tó máa kù. Bíríkìlà padà sí gbàgede. Lọ́jọ́ kẹjọ, Alábòójútó sọ̀rọ̀ nípa bàtà tó wọ̀ nígbà èwe rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé, ara ìlú sì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, akọ̀wé ń yin ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí inú run ọ̀gá, tó sì sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tó padà dé, akọ̀wé ṣì ń yin àga. Alábòójútó ní òun ti dé. Akọ̀wé ń pe àga ní Òpó Tó Gbé Ọ̀run Ró. Alábòójútó gbá a léjìká. Akọ̀wé fi èékánná ha ibẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àga, ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ jẹun. Orí rẹ̀ ń mì títí tó fi jáde, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Alábòójútó pàṣẹ kí wọ́n ṣí i. Kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ òwú náà sì ń yọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé. Orí jáde, èjìká jáde, ikùn tí wọ́n ti yìn lẹ́nu ọ̀nà kejì fún ọdún mọ́kànlá fi ọgbọ́n jáde. Ìdí onígun mẹ́rin ló há. Ó há dáadáa, igun sí igun, bí ẹni pé bíríkìlà ló wọ̀n ọ́n. Báyìí ni olórí ìlú ṣe wà, ìlàjì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ìlàjì rẹ̀ nínú òtútù, tó ń fi orúkọ oyè rẹ̀ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó dúró ní ìṣísẹ̀ márùn-ún sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń jiyàn lórí bàtà tó ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Bíríkìlà ló gbọ́ ọ. Ó wá béèrè èsì rẹ̀. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé, ó yí ojú rẹ̀ kúrò bí òfin ṣe wí.

"Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá."

"Ṣé ìjókòó lo rí? Fà mí jáde."

"Ọ̀gá, ẹ há mọ́ bíríkì ni. Mo ní láti yọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kò sì sí òǹtẹ̀."

Alábòójútó, tó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án wá ibi tó máa fi èsì sí, rí i kíákíá. Ó ní òun fọwọ́ sí i, kó yọ ọ́. Bíríkìlà ki ọwọ́ pẹlẹbẹ rẹ̀ bọ àárín bíríkì, ó yọ márùn-ún, ariwo rẹ̀ dún ní gbogbo àdúgbò. Ó ń retí kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá gbá a mú. Ọ̀kan nínú wọn wò ó, ó béèrè pé ara gbà á bí, ó yíjú padà sọ́rọ̀ bàtà. Alábòójútó bọ́ sílẹ̀ gbì-ì, ó ké sí wọn pé kí wọ́n mú ọkùnrin yìí, nítorí ó ti fọwọ́ kan òun lára. Kò sẹ́ni tó mira.

Bíríkìlà wo àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó wo Alábòójútó, ó wò ó lójú gan-an, kò sì rí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Ó kó bíríkì márààrún sábẹ́ apá, ó kọrí sí Ilé Ìkókó.

Alábòójútó ń sáré tẹ̀ lé e. "Fèrèsé ni mo fọwọ́ sí. N kò fọwọ́ sí ọ̀nà èéfín."

Níbi tí wọ́n ń kó bíríkì sí, bíríkìlà ní òun fẹ́ gbé igba dín márùn-ún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ béèrè òǹtẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn, ó ní ẹni tó ni òǹtẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n bi í. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wá ń gbìyànjú láti rántí ẹni tó máa ń lu òǹtẹ̀ náà, kò wá sí wọn lọ́kàn. Níkẹyìn, wọ́n bá a dì í sínú ọmọlanke.

Bíríkìlà gbé àkàbà ti ògiri, ó gun òrùlé, ó kó àwókù kúrò nínú ihò, ó po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún tí kò rú òfin kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Ó bojú wo ìsàlẹ̀, níbi tí Alábòójútó ti ń gbọ̀n.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni. Bó bá sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹnì kan á ṣì wà láyé tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òkè ni bíríkìlà wà, ìsàlẹ̀ lòun wà, ẹni tó ń tẹ́tí sì nìyí. Alábòójútó wúkọ́. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Kí n tó dáhùn," ó ní, "ó yẹ ká padà sí ọjọ́ tí wọ́n bí mi."

Bíríkìlà bojú wo inú yàrá gba ibi tí òrùlé ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà èéfín. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àpótí, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sórí ìkókó. Bíríkìlà ki ọwọ́ bọ sìmẹ́ǹtì. Ó to bíríkì kìíní. Ó to ogún. Ọ̀rọ̀ ti dé orí àlá ìyá. Ó to ogójì. Kò retí nǹkan kan mọ́, ara rẹ̀ sì mọ̀. Lórí bíríkì kejìlélọ́gọ́ta, bí agbẹ̀bí ṣe fẹ́ la ẹnu, ohùn náà dá létí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kù, àti ariwo bíríkì.

Fún àkọsílẹ̀, Alábòójútó Àgbà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí bíríkì ogóje ló ti sọ ọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú òǹtẹ̀ nínú àpò, ó sì lù ú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí kò rí ìwé.

Wọ́n dá iná. Èéfín gba òkè lọ gbọọrọ. Wọ́n gbé àwọn ọmọ padà sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá sì jókòó yí ààrò ká, wọ́n ń jẹun láìsọ̀rọ̀. Bíríkìlà fi ọwọ́ pẹlẹbẹ rẹ̀ gbé oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó tún lọ bù sí i.

Òtútù ló lé Alábòójútó wọ ibẹ̀. Ìyá Ìkókó yà fún un láìmọ̀, bí èèyàn ṣe ń yà fún òpó ilé. Ó yá iná títí, kó tó mọ̀ pé àwọn ìkókó ń wo òun. Ara ìkókó kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ohunkóhun kúrò. Ohun tó bá wà, wọ́n ń rí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gun orí àpótí.

"Èmi, Alábòójútó Àgbà, Òpó Tó Gbé Ọ̀run Ró..."

Ọmọ-ọmọ bíríkìlà ya ẹnu, ó figbe ta. Àwọn yòókù gbè é. Láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba, kò sì ní akọ̀wé níbẹ̀. Kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó fi ọwọ́ òwú rẹ̀ di okùn apẹ̀rẹ̀ mú, ó rọra mì ín. Ọmọ náà dákẹ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ó tún mì ín. Ìyá Ìkókó wo apẹ̀rẹ̀ tó ń mì, ó ní afẹ́fẹ́ ọ̀nà èéfín tuntun yìí dára o, ó sì yin bíríkìlà fún un.

Ìlú kò yan ẹlòmíràn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àyè ṣófo. Akọ̀wé ń yin àga láràárọ̀, àga sì ń ṣèjọba dáadáa. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n tún ojú ọ̀nà ṣe, ẹsẹ̀ wọn kúrú padà. Wọ́n kan òrùlé ọjà.

Oòrùn ńlá dé, ó tún lọ, ọmọ-ọmọ bíríkìlà sì pé ọdún kan. Lọ́jọ́ náà, Alábòójútó ń mi apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti dé ibi àlá ìyá, níbi tí ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń wò ó. Ojú rẹ̀ fò díẹ̀, bíi ti ẹni tí oorun fẹ́ gbé, ojú náà sì gba ara Alábòójútó kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bàbá àgbà ti na ọwọ́ méjèèjì sí i láti gbé e lọ sílé.

Alábòójútó dúró láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ apẹ̀rẹ̀ tó kàn, níbi tí wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kan sí, ó di okùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí òun.